Ẹ Bá Wa Béèrè Màlúù Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà Ètò Ìlera àti Kọmíṣọ́nà Tó Ń Rí sí Ẹran Ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Ẹ̀yin ọ̀gá wa méjèèjì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé ìwé kún orí tábìlì yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Àgbẹ̀ ni mí ní agbègbè Ajásẹ́-Ìpo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ni mo ń gbìn, mo sì ní màlúù méje nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ orúkọ oyè ẹ̀yin méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo ni pé àárín ọ́fíìsì yín méjèèjì ni ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyẹn ikọ́ ife tó ń ràn láàárín ènìyàn àti màlúù, bọ́ sí, kò sì tíì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á.

Mo wúkọ́ fún oṣù méjì. Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, mo ní eruku ni. Mo mu àgbo, mo jẹ orógbó, mo lá oyin, mo ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Tó bá di òru, òógùn á bò mí débi pé ìyàwó mi á dìde pààrọ̀ aṣọ orí ẹní. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì mi kí ṣòkòtò má baà já bọ́ lóko. Ọjọ́ tí mo wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sára ewé àgbàdo níwájú mi ni mo tó gbà láti lọ sí ọsibítù.

Wọ́n ṣe dáadáa fún mi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó ń dùn mí. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sínú ike, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí pé ikọ́ ife ni. Oògùn oṣù mẹ́fà, n kò san kọ́bọ̀. Oríṣi oògùn mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ó wá ku oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ìtọ̀ mi yóò pọ́n, kí n má fòyà. Ó pọ́n lóòótọ́, bí omi osùn.

Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló jókòó tì mí pẹ̀lú káàdì kan lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ta ni ẹ jọ ń sùn?" Mo ní ìyàwó mi. "Ta ló tún wà nínú ilé?" Mo ní ọmọ mẹ́ta, àti ìyá mi. Ó béèrè ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ń wúkọ́, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí gbogbo wọn wá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì wá. Wọ́n fún àbíkẹ́yìn mi ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àrùn náà gbérí lára rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe káàdì náà pọ̀, mo ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ní màlúù kan tó ń wúkọ́ o." Ó gbójú sókè, ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Bàbá, kò sí àyè màlúù nínú káàdì yìí."

N kò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ, mo sì fi ojú ara mi wo káàdì náà. Kò sí àyè rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn màlúù náà ṣe ń gbé. Nínú àwa Ìgbómìnà tí a ní màlúù, díẹ̀ ló ń dà wọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, tí owó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, a máa ń ra ọmọ màlúù kan tàbí méjì, a ó sì kó wọn fún Fúlàní tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ mọwọ́ ara wa. Òun ni yóò máa dà wọ́n, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa fún wàrà wọn. Ẹran jẹ́ tiwa, wàrà jẹ́ tiwọn. Bàbá Gáà, ìyẹn bàbá ibùdó Fúlàní tí màlúù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń bá ara wa bọ̀. Ó wá síbi ìsìnkú bàbá mi, ó sì bá wa kó ilẹ̀ sàréè. Èmi ni mo fi ọ̀kadà mi gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ bímọ lóru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ wò wọ́n. Màá bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọn á wá máa lá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n màlúù rí gbàgìgbàgì bí ewé eèpín, èémí rẹ̀ á sì máa gbóná sí ọ lójú. Odindi oṣù méjì tí mo fi ń wúkọ́, n kò pa ọjọ́ Jímọ̀ kankan jẹ. Mo ń wúkọ́ sí wọn. Abo funfun kan nínú wọn náà ń wúkọ́ sí mi.

Abo yìí ti bímọ mẹ́rin. Ó ń jẹun, ikùn rẹ̀ kì í ṣófo, síbẹ̀ ènìyàn lè dúró lókèèrè ka egungun ìhà rẹ̀. Ní kùtù, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ló máa ń wúkọ́ jù: ikọ́ kúkúrú, gbígbẹ, á na ọrùn síwájú, á yọ ahọ́n síta. Bàbá Gáà ní ọjọ́ orí ni. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ orí. Nígbà tí ó di pé kò lè bá àwọn yòókù rìn mọ́, a mú un lọ sí Kárà, ọjà màlúù Ajásẹ́-Ìpo, a tà á fún alápatà kan ní owó tí kò tó nǹkan. Kò san tán. Mo tẹ̀lé e dé ibi tó ti fẹ́ pa á kí n lè gba ìyókù owó mi. Mo ti lo oògùn fún oṣù kan àti ààbọ̀ nígbà yẹn.

Bó ṣe la àyà rẹ̀, mo rí i. Fùkù tó yẹ kó rọ̀ múlọ́múlọ́ bíi fóòmù, kókó ló yọ káàkiri ara rẹ̀. Òmíràn tó ẹyọ ẹ̀wà, òmíràn tó ẹyin ẹyẹlé. Ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ki bíi wàrà tó ti gbó, ó pọ́n bí ìyeyè, mo sì gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń ha á, kẹrẹ kẹrẹ kẹrẹ, bí ìgbà tí yanrìn bá wà lára iṣu tí à ń bẹ. Kò sọ nǹkan kan. Ó gé ibi tó burú jù kúrò, ó jù ú sí ajá tó dúró tì í, ajá hán an. Ó da omi sára ìyókù, ó gbé e sórí pákó pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì. Kò tíì ka owó mi tán tí obìnrin kan fi ra fùkù náà. Obìnrin náà ní òun fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ òun kí wọ́n tó ti ilé ìwé dé.

Mo dákẹ́. Èmi tí káàdì ikọ́ ife wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́. Owó mi ni mo ń rò. Bí mo bá lanu, alápatà kò ní san ìyókù, ó tiẹ̀ lè ní kí n dá èyí tó ti san padà. Mo gba owó, mo lọ ilé, n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń sọ ọ́ níta gbangba lónìí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ìkà ló ń jẹ́ kí ẹran àìsàn dé orí pákó. Ẹni tó bá sọ òótọ́ nìkan ni gbèsè ń bá. Èmi mọ̀ ọ́n, alápatà mọ̀ ọ́n, a sì jọ pa ẹnu dé.

Nígbà tí ara mi mókun ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ló là á yé mi. Ó ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ikọ́ ife ènìyàn àti èyí tó ń fa ti màlúù. Mycobacterium tuberculosis ni wọ́n ń pe ti ènìyàn, Mycobacterium bovis ni ti màlúù. Ti màlúù lè wọ ènìyàn lára nípa èémí, pàápàá fún ẹni tó ń bá ẹran gbé tọ̀sán tòru, tàbí nípa wàrà tí kò tọ́ iná. Ti ènìyàn náà sì lè wọ màlúù lára. Ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú àlàyé rẹ̀ ni pé èyí tó bá gba inú wàrà wọlé lè má mú ikọ́ wá rárá. Ọrùn ọmọ á yọ kókó, tàbí ikùn rẹ̀ á wú, tàbí kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mélòó nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti gbé lọ sí ilé aládùúrà, tí a gbé lọ sọ́dọ̀ àfáà, tí a ní ayé ló ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ti ṣìnà nínú rẹ̀ rí. Robert Koch, dókítà ará Jámánì tó kéde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò ikọ́ ife, òun kan náà ló dìde ní London ní 1901 tó ní ti màlúù kò tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan kí ó wádìí rẹ̀. Títí di 1911 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ti màlúù ń wọ ènìyàn lára, pé wàrà ń kó o ran àwọn ọmọdé. Abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife, tí à ń gún fún ọmọ tuntun lápá òsì, tí àpá rẹ̀ wà lára gbogbo ọmọ mi, inú kòkòrò ti màlúù ni wọ́n ti mú un jáde. Ọdún mẹ́tàlá ni Calmette àti Guérin, onímọ̀ ará Faransé méjì, fi ń tún un gbìn lórí ọ̀dùnkún tí wọ́n fi òróòro màlúù sè, láti 1908 títí di 1921, kí oró rẹ̀ tó rọ̀. Láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọmọ ni màlúù ti wà nínú ọ̀rọ̀ ikọ́ ife rẹ̀. Kí ló dé tí kò sí nínú káàdì?

N kò lè búra pé màlúù ló kó o ràn mí. N kò sì lè búra pé kì í ṣe èmi ni mo kó o ran màlúù. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, ohun tó lè sọ ni pé ikọ́ ife wà níbẹ̀. Kò lè ya ti ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti màlúù. Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Nínú oògùn mẹ́rin tí mo mu, èyí tí wọ́n ń pè ní pyrazinamide kì í pa kòkòrò ti màlúù. Aláìsàn tó bá jẹ́ ti màlúù ló wà lára rẹ̀, oògùn mẹ́ta ló ń bá a jà, tí òun àti dókítà rẹ̀ sì rò pé mẹ́rin ni. Èmi yè é. Ẹlòmíràn lè máà yè é, wọ́n á sì ní kò lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní 2019, nǹkan bí 140,000 ènìyàn lágbàáyé ni ti màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí ó sì pa nǹkan bí 11,400. Ojú ni wọ́n fi bù ú, torí ibi tí a kò bá ti wá a, a kò lè rí i kà. Nàìjíríà ló sì ní ẹrù ikọ́ ife tó pọ̀ jù ní gbogbo Áfíríkà. Ní 2017, àjọ yìí, àjọ tó ń rí sí ìlera ẹran lágbàáyé, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn, àti ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbógun ti ikọ́ ife jókòó pọ̀, wọ́n sì to ohun mẹ́wàá sílẹ̀ tó yẹ kí ìjọba gbogbo ṣe lórí rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé kí dókítà ènìyàn àti dókítà ẹran máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìlọrin kò ṣàìní ẹni tó lè ṣe é. Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ dókítà ẹran, ó ń kọ́ dókítà ènìyàn. Tí a bá nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa àìsàn ẹran wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, láti 1924.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò ní kí ẹ kọ́lé.

Kọmíṣọ́nà Ètò Ìlera, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà kan kún káàdì yẹn. Kí nọ́ọ̀sì béèrè pé: "Ẹ ń sin ẹran bí? Ẹran náà ń wúkọ́ tàbí ó ń rù? Ẹ máa ń mu wàrà tí kò tọ́ iná?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ orúkọ abúlé tàbí gáà náà, kí ó fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Mo jókòó níwájú nọ́ọ̀sì yẹn, mo ti la ẹnu mi fúnra mi, n kò rí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Kọmíṣọ́nà Ẹran Ọ̀sìn, tiyín ni kí ọ̀rọ̀ náà rìn padà. Àwọn tó ń yẹ ẹran wò ní ilé ìpẹran bíi Akérébíata, bí wọ́n bá rí irú fùkù tí mo rí yẹn, wọ́n á ní kí wọ́n dà á nù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fùkù yẹn ní ilé tó ti wá. Àwọn màlúù mìíràn wà nílé náà tí wọ́n jọ ń fimú kan ara wọn lóru, àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹran. Ta ló ń padà lọ bá wọn? Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Màlúù tó bá gba Kárà kọjá ti gba ọwọ́ dìláálì, àwọn alágbàtà ẹran, méjì, mẹ́ta, kí ó tó kan ọ̀bẹ. Síbẹ̀ àwọn dìláálì mọ ibi tí ẹran ti wá ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Bí ẹ bá pè wọ́n jókòó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ẹ kò gbé ọlọ́pàá síwájú, wọ́n á sọ.

Ẹ kò sì ní rí òótọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa bí owó kò bá sí níbẹ̀. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lé àrùn yìí kúrò lára màlúù wọn ní 1917, àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ó bá ní in wọ́n á pa á, wọ́n á sì san lára owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lọ́dọ̀ wa, bí dókítà ẹran bá sọ fún mi lọ́la pé mẹ́ta nínú màlúù mi ní in, òfò mẹ́ta ló sọ fún mi. Owó ilé ìwé ọmọ ni màlúù kan jẹ́. Owó ìsìnkú ni. Òun ni báńkì wa. Kí ni mo máa ṣe? Ohun tí mo ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ni màá tún ṣe: màá mú un lọ sí Kárà kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò sọ pé kí ìjọba san gbogbo rẹ̀. A mọ àjọ dá, a mọ èésú. Kí gbogbo màlúù tó bá wọ ilé ìpẹran san owó díẹ̀ sínú àpò kan, kí àwa onímàlúù dá tiwa, kí àwọn alápatà dá tiwọn, kí ìjọba fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí wọ́n bá da ẹran rẹ̀ nù, kí ó rí ohun tó lè fi ra ọmọ màlúù mìíràn. Alápatà tó gé fùkù yẹn, mo gbà gbọ́ pé bí ẹnì kan bá na owó rẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wa kòtò tí yóò sin ín.

Ẹ ṣèrántí alápatà náà pẹ̀lú. Ẹran tó bá jinná dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ewu fún ẹni tó jẹ ẹ́ bí ó ṣe ní ewu fún ẹni tó ń la á ní tútù láràárọ̀, tí kò bo imú, tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Mo rí i tí ó fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wàrà ńkọ́? Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé kí ìjọba lé àwọn oníwàrà kúrò lójú títì. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìlọrin láìsí wàrà, ta ló fẹ́ gbé níbẹ̀? Mo ti jókòó ti ìyàwó Bàbá Gáà nígbà tí ó ń ṣe é. Ó gbé wàrà kaná, ó gún ewé bọmubọmu, ó fún omi rẹ̀ sí i, ó ń kó iná sí i títí gbogbo rẹ̀ fi hó yaya, tí ó dì, tí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Wàrà tó bá hó báyìí, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Tí ẹ bá wá dín in nínú epo, ó ti la iná kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro wà nínú èyí tí wọ́n kàn mú gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ kí igi má baà tán, ó sì wà jù nínú nọ́nọ̀ tí à ń da fúrá sí, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò rí iná rárá. Kíkan tó kan kò tó láti pa kòkòrò náà. Ohun tí Ìyá Oníwàrà nílò ni igi ìdáná àti ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lè ṣe é, èdè Fúlàní mi kò sì jinlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àgbẹ̀, ọdún mélòó ni mo ti ń fún màlúù yín, ìwọ nìkan lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí fún mi." Láti ìgbà náà, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu láàárọ̀, ó ń sè é kí ó tó fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ lórí rédíò ní Fúlàní, ní Yorùbá, ní Nupe àti ní Bàrùbá, ẹ wo iye ilé tí yóò dé.

Ohun kan wà tí ó ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ mọ bí gúúsù Kwara ṣe rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti gbòde. Ẹ̀rù igbó ń ba dókítà ẹran, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀rù àwa ará ìlú ń ba Fúlàní tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà mi kí ó sọ pé, "Ẹ ò rí i, Fúlàní ló tún ń kó ikọ́ ife ràn wá." Màlúù tó wúkọ́ yẹn, èmi Ìgbómìnà ni mo ni ín. Èmi ni mo ń wúkọ́ láàárín ẹran tí àwọn ọmọ Bàbá Gáà ń dà. Tí ẹnì kan bá kó àrùn ran ẹnì kejì láàárín wa, ó lè jẹ́ èmi. Mo bẹ Bàbá Gáà pé kí òun àti ìdílé rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Wọn ò ní mú wa?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò lọ sí gáà láti ṣe àyẹ̀wò wọ aṣọ ìlera, kí ó dá wá láìsí sọ́jà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ ni yóò mú un wọlé. Èmi ṣe tán láti jẹ́ ẹni náà.

Àyẹ̀wò ti màlúù kò le. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe é hàn mí lára awọ ọrùn pẹ̀lú ìka rẹ̀. Dókítà ẹran á fá irun ọrùn díẹ̀, á wọn bí awọ náà ṣe nípọn tó, á gún oògùn àyẹ̀wò díẹ̀ sínú awọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wákàtí 72, á padà wá wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá wú ju bó ṣe yẹ lọ, ìfura wà níbẹ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé kí ọjọ́ kẹta náà tó pé, agbo ẹran ti ṣí lọ síbòmíràn, dókítà á dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni.

Màlúù mẹ́fà ló kù mí. Mo ti bá Bàbá Gáà sọ ọ́, òun náà sì ní ogún àti díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rán dókítà náà wá, a kò ní ṣí. A ti wo igi tí a ó so wọ́n mọ́ lẹ́bàá odò, màá gé koríko fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn pẹ̀lú ọwọ́ mi, àwọn ọmọ mi yóò pọn omi. Nọ́ọ̀sì yẹn ní nọ́ńbà mi lórí káàdì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ajásẹ́-Ìpo